Ẹni Tó Bá Bínú Ni Ẹrú

Akínwọlé Bámgbóṣé kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kọ́ ọ láti kékeré pé ẹ̀rín lẹ́nu iṣẹ́ dà bí ihò lára ìkòkò omi: èèyàn lè má rí i, ṣùgbọ́n kó tó délé, omi ti tán. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí reluwé ńlá gba Kafanchan dé Jọ́ọ̀sì, tí àwọn ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá síbẹ̀, Akínwọlé ti wà níbẹ̀, ó ti di ọ̀gá àwọn lébìrà ní kòtò kúsà kan lọ́nà Bùkúrù. Kúsà ni àwọn Hausa ń pe òkúta dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yọ́ ṣe agolo, tí òyìnbó tìtorí rẹ̀ gun òkè Jọ́ọ̀sì. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ títí kòtò á fi jìn ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Àwọn kan á máa gbẹ́ nísàlẹ̀, àwọn yòókù á tò bí ìjàlọ, wọ́n á máa fi páànù ru erùpẹ̀ gòkè lọ síbi tí omi ti ń fọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ Akínwọlé ni pé kí ìlà náà má dúró. Kì í na ẹnikẹ́ni, kì í bú ẹnikẹ́ni, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ ju ohun tó kan iṣẹ́ lọ. Hausa tó ń sọ kò ju Hausa iṣẹ́ lọ: gbé e, yára, ó tó. Àwọn lébìrà bẹ̀rù rẹ̀. Ó rò pé ìyẹn ti tó.

Òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin kan wá gba iṣẹ́. Ará Gobir ni, láti òkè Sókótó lọ́hùn-ún, ó ga, ó sì gbẹ. Gambo ni orúkọ rẹ̀, orúkọ tí àwọn Hausa máa ń sọ ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì. Ká ní Yorùbá ni, Ìdòwú ni à bá máa pè é, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa Ìdòwú. Gambo wo àbàjà ojú Akínwọlé, ó pàtẹ́wọ́, ó yíjú sí àwọn tó ru páànù.

“Ẹ wá wo nǹkan,” ó sọ ọ́ ní Hausa. “Ẹrú bàbá mi tó sá lọ nìyí. Gbogbo ilé ń wá a kiri, òun ti wá síbí wá wọ bàtà.”

Ẹ̀rín gba kòtò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gambo na ọwọ́ gígùn, ó ṣí àkẹtẹ̀ lórí Akínwọlé, ó fi dé ara rẹ̀ lórí, ó ní bàbá òun ló ra àkẹtẹ̀ náà.

Akínwọlé kò mọ̀ pé eré ni. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n mú bàbá bàbá òun lójú ogun, wọ́n tà á sókè Ọya, kò sì padà mọ́. Ìyá bàbá rẹ̀ fi ọkọ́ ọkọ rẹ̀ há àjà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣiṣẹ́, títí ìkán fi jẹ ẹ̀rú ọkọ́ náà tán. Nínú ilé tí a ti tọ́ Akínwọlé, a kì í fi ọ̀rọ̀ ẹrú rẹ́rìn-ín. Ó gba àkẹtẹ̀ rẹ̀ padà. Ó kàn nawọ́ sí ìdí ògiri.

Ìdí ògiri ni ibi tó burú jù nínú kòtò. Wọ́n á fi dígà gbẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri náà wọnú, kí erùpẹ̀ òkè lè ya lulẹ̀ fúnra rẹ̀, kí iṣẹ́ lè dínkù. Omi máa ń sun níbẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa ń pààrọ̀ èèyàn níbẹ̀, kí ẹnì kan má pẹ́ jù. Akínwọlé ní ibẹ̀ ni Gambo yóò máa wà lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kò ní í gbà á sílẹ̀.

Gambo wo ògiri náà, ó wo Akínwọlé. Ó ní, ó dára, ẹrú òun ti fún olówó rẹ̀ ní yàrá.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí Akínwọlé yóò yọ létí kòtò tí Gambo kò ní í kígbe sí i láti ìsàlẹ̀. Á bi í bóyá ó ti jẹun, nítorí ẹrú tó bá rù kì í tà. Bí Akínwọlé bá ní páànù ẹnì kan kò kún, Gambo á ní ayé ti bàjẹ́, ẹrú ti ń pàṣẹ, òyìnbó ló sì bà á jẹ́. Àwọn tó ru erùpẹ̀ á gbé ẹ̀rín mì, èjìká wọn á máa mì lábẹ́ páànù. Akínwọlé rí i pé ìlà náà ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ìbẹ̀rù ìdí ògiri ló ń lé wọn.

Keziah ìyàwó rẹ̀ ń ta obì lọ́jà Jọ́ọ̀sì. Ìlú Sáríà ni wọ́n ti tọ́ ọ, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ reluwé, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Akínwọlé yà sọ́jà láti bá a gbé ẹrù. Ó bá bàbá arúgbó kan níwájú àtẹ, Málàmù Inúwa, ará Gobir tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú lẹ́yìn ọjà. Bàbá náà mú obì lórí àtẹ, ó gé e jẹ, kò sanwó, ó ní òun ló ni àtẹ náà àti obìnrin tó jókòó tì í. Keziah náà ti gbé ẹsẹ̀ kan bàtà bàbá náà pamọ́ sábẹ́ ẹní, ó ní ẹrú kì í wọ bàtà níwájú olówó rẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Akínwọlé ru ẹrù náà délé. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le. Ó bi í bóyá ó mọ ohun tí bàbá yẹn pè é. Keziah gbé igbá kalẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ti sọnù fún ìgbà pípẹ́ tí kò sì mọ̀ pé òun sọnù.

Ó ṣàlàyé fún un. Àwọn ará Gobir àti àwọn Yorùbá ń bá ara wọn dápàárá, ó ti wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni tó wà láyé. Ará Gobir á pe Yorùbá ní ẹrú, Yorùbá á pe ará Gobir ní ẹrú, wọ́n á gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀ràn kò sì sí níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á lọ dí ọ̀nà fún òkú rẹ̀, á ní wọn kò ní í sin ín àfi bí wọ́n bá fún òun ní nǹkan, kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ lè rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó gbé e lọ.

“Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Bàbá Lydia,” Keziah sọ. “Ẹni tó bá bínú nínú àwọn méjèèjì, òun ni ẹrú lóòótọ́.”

Akínwọlé béèrè ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún òun láti ìgbà tí òun ti wà ní Jọ́ọ̀sì.

“Ta ni yóò sọ fún yín? Ẹ kì í bi èèyàn ní nǹkan. Ẹ máa ń pàṣẹ ni.”

Ó jẹun, ó ka Bíbélì rẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun mú Gambo kúrò ní ìdí ògiri. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú un kúrò ní ọjọ́ kejì, àwọn lébìrà á ní àṣẹ ọ̀gá ti yẹ̀, Keziah náà á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ló yẹ̀ ẹ́. Ó ní ọjọ́ Ajé ló dára, nígbà tí òun bá ń pín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tuntun, kò ní í hàn sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí kì í fi erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ṣòfò wá ń fi ọjọ́ ẹlòmíràn ṣòfò kí ojú má bàa tì í.

Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé, òjò Jọ́ọ̀sì tí kì í pariwo, tó kàn ń rọ̀, tó tutù bí ọwọ́ òkú. Ní òwúrọ̀, Akínwọlé dé etí kòtò. Gambo ti wà ní ipò rẹ̀, omi dé e ní ọrùn ẹsẹ̀.

“Bayarabe,” Gambo kígbe, orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ Yorùbá ní Hausa. “Yàrá tí o fún mi ń jò.”

Akínwọlé la ẹnu láti ní kó máa bọ̀ lókè. Ó tún pa á dé. Ọjọ́ Ajé ni ó ti bá ara rẹ̀ sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ògiri fi wó. Kò dún bí àrá, ó dún bí ìgbà tí èèyàn ńlá bá mí kanlẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ sá, wọ́n ju dígà àti páànù sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gòkè. Nígbà tí wọ́n wo ara wọn létí kòtò, Gambo nìkan ni kò sí láàárín wọn.

Wọ́n rí i láti òkè. Pákó ńlá kan tí omi tí wọ́n fi ń fọ kúsà ń gbà kọjá ti ṣubú dábùú lé e, ó sì dá ihò díẹ̀ sílẹ̀ fún orí rẹ̀ àti apá kan. Ìyókù ara rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ó ń mí. Ṣùgbọ́n lókè ibi tí ògiri ti ya, ilẹ̀ tún ti la, ìlà dúdú kan tó lè gba ẹsẹ̀ èèyàn, omi òjò sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀.

Akínwọlé ní kí wọ́n mú ṣọ́bìrì, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ẹni tó mira. Ó tún un sọ pẹ̀lú ohùn tó fi ń darí wọn láti ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Wọ́n ń wo ìlà dúdú náà. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, nísinsìnyí wọ́n ti rí ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù jù ú lọ.

Òun nìkan sọ̀ kalẹ̀. Ṣọ́bìrì kò ṣeé lò nítòsí orí èèyàn, nítorí náà ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Òjò ń kán sí Gambo lójú, iyanrìn ń bọ́ sí i lẹ́nu. Akínwọlé ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó fi dé e. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sùn. Gambo kò dáhùn. Ojú rẹ̀ ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Akínwọlé gbàdúrà, ó tún pè é, ó tún bẹ̀ ẹ́, ojú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán.

Nígbà náà ló rántí ohun kan ṣoṣo tí ará Gobir kò gbọdọ̀ gbọ́ lẹ́nu Yorùbá kó má fèsì. Kò sọ irú rẹ̀ rí. Ó wá a kiri nínú Hausa iṣẹ́ rẹ̀.

“Gambo. Ẹrú ọ̀lẹ. Ta ló ní kí o dùbúlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́?”

Lẹ́yìn náà ojú Gambo là díẹ̀ lábẹ́ àkẹtẹ̀.

“Bayarabe,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kéré. “O ti rí ẹnu.”

“Dìde. Ilẹ̀ ti mọ́.”

“Mo ń sinmi. Mo fẹ́ rí i bí ẹrú mi ṣe ń fi ọwọ́ gbẹ́lẹ̀.” Ó mí. “O kò mọ̀ ọ́n gbẹ́. Kò yà mí lẹ́nu pé wọ́n tà ọ́.”

Akínwọlé ń wa ilẹ̀, èékánná rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní bí òun bá yọ ọ́ tán, òun á mú un lọ sọ́jà, òun á fi ṣe pàṣípààrọ̀ iyọ̀.

“Má tà mí lọ́pọ̀ o,” Gambo ní. “Mo ní ìdílé.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè. Kò mọ̀ pé òun yóò rẹ́rìn-ín, ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ikọ́. Ará Kánò kan ni. Bí ẹ̀rín náà ti bọ́, ojú tì í pé òun dúró síbẹ̀, ó sì yọ̀ wálẹ̀ lórí ẹrẹ̀ pẹ̀lú páànù lọ́wọ́. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà wọn kò ṣeé kà mọ́. Wọ́n tò láti ìdí ògiri dé etí kòtò, wọ́n ń gba erùpẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ń bi Gambo pé ta ló fún un ní àkẹtẹ̀. Gambo ní àkẹtẹ̀ òun ni, òun ti sọ ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá wọn kò gbọ́. Ìlà dúdú lókè ń fẹ̀ sí i. Gbogbo wọn ń rí i. Ọwọ́ wọn kò dúró.

Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n gbé e dé orí koríko lókè kí ògiri tó kù tó ya lulẹ̀ lé ibi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí. Wọ́n hó. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kúsà kò hó, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ilẹ̀ bá tẹ̀ pẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dà bí alààyè nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀, ìgbà tí a bá gbé ẹrù kúrò ni ikú tó rí àyè wọlé.

Ojú Gambo ti di eérú. Ó wá Akínwọlé kiri pẹ̀lú ojú, ó rí i.

“Bayarabe. Ẹsẹ̀ mi ńkọ́? N kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.”

“Mo ti tà wọ́n,” Akínwọlé ní. “Lọ́la ni màá ta ìyókù.”

Gambo la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde. Bó ṣe kú nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu lílà, wọ́n sì ní láti fi aṣọ dì í ní àgbọ̀n.

Òyìnbó dé láti Bùkúrù ní ọ̀sán. Ó bọ́ fìlà, ó kẹ́dùn, lẹ́yìn náà ó béèrè ìgbà tí iṣẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Akínwọlé ní iṣẹ́ kò ní í bẹ̀rẹ̀ àfi bí wọ́n bá gé ògiri náà dà sẹ́yìn, kó máa sùn wálẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ òkè, kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ́ ìdí rẹ̀ mọ́. Òyìnbó ní ọjọ́ púpọ̀ ni yóò ṣòfò. Akínwọlé, tó kórìíra òfò ju gbogbo wọn lọ, dá a lóhùn pé òfò ti ṣẹlẹ̀ ná.

Nígbà tó délé, Keziah ti gbọ́. Ó bomi fún un kó fi wẹ ọwọ́, ó ní kó tètè lọ, àwọn Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn, wọ́n á gbé e jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ó yẹ kí Yorùbá kan dí ọ̀nà fún un.

Akínwọlé ní òun kò lè ṣe é. Òun ló fi ọkùnrin náà síbẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀. Báwo ni òun yóò ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí òun máa dápàárá?

“Bí ẹ kò bá lọ,” Keziah ní, “á jẹ́ pé inú ń bí yín títí ó fi kú. Á jẹ́ pé kì í ṣe eré rárá. Ẹrú yín ló kú nìyẹn, kì í ṣe abánidápàárá yín.”

Ó lọ sílé Gambo bó ṣe wà, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Wọ́n ti wẹ Gambo, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, wọ́n gbé e lé ibùsùn igi, àwọn ọ̀dọ́kùnrin Gobir ti gbé e lé èjìká. Nígbà tí wọ́n rí Akínwọlé lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn le. Ó mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ìbínú tì í kúrò, ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ títí láé. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ kò ní í gbé e kọjá,” ó ní.

Málàmù Inúwa ló jáde láàárín àwọn àgbà, ó wò ó pẹ́.

“Kí ni tìrẹ níbẹ̀, Bayarabe?”

“Olè ni. Àkẹtẹ̀ mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ohùn ara rẹ̀ gbẹ létí rẹ̀ bí ewé. Ẹsẹ̀ ń ṣe é bíi kó yà kúrò. Ó tún la ẹnu.

“Mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó dé e lọ sọ́run. Bí wọ́n bá rí àkẹtẹ̀ yẹn lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á rò pé Yorùbá ni, wọ́n á sì fún un níṣẹ́. Kò fẹ́ràn iṣẹ́.”

Láti inú ilé, láàárín àwọn obìnrin, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Gambo ni. Ẹ̀rín náà ga, ó já, ó di ẹkún, ó sì tún di ẹ̀rín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ru òkú bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ ibùsùn náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn lébìrà ṣe máa ń mì lábẹ́ páànù, omi sì ń ṣàn lójú wọn. Málàmù Inúwa wọlé, ó mú àkẹtẹ̀ náà jáde, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó gbé e lé Akínwọlé lọ́wọ́.

“Gbà, ẹrú. A ti ra ọ̀nà.”

Akínwọlé yà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n gbé e kọjá. Ẹ̀rín náà kò wẹ ohunkóhun nù. Nígbà tí ìyàwó Gambo jáde dé ẹnu ọ̀nà, ó wo Akínwọlé, kò kí i, kò sì bú u. Ó mọ ẹni tó fi ọkọ òun sí ìdí ògiri.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tí ó ti dá tẹ́lẹ̀, àwọn lébìrà dúró létí kòtò, wọn kò sọ̀ kalẹ̀. Kò pàṣẹ fún wọn. Ó mú dígà, ó dé àkẹtẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ó lọ sórí ògiri náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e dà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Wọ́n ń wò ó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin Gobir, àbúrò Gambo, tó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn, kò sì korò.

“Bayarabe. Àkẹtẹ̀ ta nìyẹn?”

Akínwọlé kò gbójú sókè, kò dá dígà dúró.

“Ti olówó mi ni,” ó ní.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú páànù kan nílẹ̀, ó sì wá dúró níwájú rẹ̀ kí Akínwọlé lè kó erùpẹ̀ kún un.